Ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn: a fẹ́ kọ àwọn ohun àtijọ́ inú ìjọ wa sílẹ̀ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ (Iléṣà)

Ọmọ Obòkun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ wa, ó sì ti pẹ́ gan-an. Àwọn baba ńlá wa tó ń ṣe òṣómàáló, tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wà lára àwọn tó dáwó jọ kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti wá pinnu pé a ó tún inú ilé ìjọsìn ṣe kí àjọ̀dún tó dé. Wọ́n á lẹ táìlì, wọ́n á yọ bẹ́ǹṣì àtijọ́, wọ́n á kó àga tuntun wọlé.

Mi ò lòdì sí àtúnṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí a ní. Ẹyẹ idì onídẹ kan wà tí wọ́n ń gbé Bíbélì lé. Ife ìdàpọ̀ wà nínú séèfù. Ọ̀págun Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá tí wọ́n fọwọ́ rán wà, dùùrù tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ náà wà, tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Wàláà ìrántí kún ara ògiri. Àwọn tó mọ ẹni tó ta ìjọ lọ́rẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí ti dàgbà, a sì ń sin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ti yọ̀ǹda ara wa. Fóònù la ní, a ní ìwé, a ní tépù ìwọ̀n. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Kí ni ká má ṣe rárá?

Atọ́jú Ìwé, Ifẹ̀

Ọmọ mi, Olúwa yóò fún yín lókun. Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì sún mọ́ mi.

Kí ẹ tó mú fóònù jáde, ẹ gba àṣẹ, kó sì wà lórí ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà sí fíkà àti ìgbìmọ̀ ìjọ, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ fún Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọ ló ni àkọsílẹ̀ náà, pé ẹ ò ní gbé ohunkóhun jáde kúrò nínú ọgbà, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ojú ewé tó jẹ́ ti fàdákà. Ìfura ló máa ń dá irú iṣẹ́ yìí dúró. Bí àgbàlagbà kan bá ṣàdédé bá ọ̀dọ́ tó ń wọn ife ìdàpọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún un, ọ̀rọ̀ á gba ibòmíràn yọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n pè yín dìde kí gbogbo ìjọ rí ojú yín.

Ẹ má sì jókòó máa ronú ìlànà tuntun. Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò, Object ID lorúkọ rẹ̀. Àjọ Getty ní Amẹ́ríkà ló ṣètò rẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 1997, ICOM tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé ló ń bójú tó o báyìí. Interpol pàápàá ń lò ó láti wá ohun tí wọ́n jí. Ohun tó ń béèrè kò ju èyí tí ọmọ iléèwé lè dáhùn lọ. Irú nǹkan wo ni? Kí ni wọ́n fi ṣe é, báwo ni wọ́n sì ṣe ṣe é? Báwo ló ṣe tóbi tó? Kí ni wọ́n kọ tàbí fín sí i lára? Àwòrán kí ló wà níbẹ̀? Ṣé ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é, ta ló sì ṣe é? Àmì wo ló wà lára rẹ̀ tí irú rẹ̀ mìíràn kò ní?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ife ìdàpọ̀ tó jọ tiyín pọ̀ lọ jàra káàkiri ayé. Èyí tí etí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ lápá òsì, tí wọ́n ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, ẹyọ kan péré ni. Bó bá sọnù, ibi tó tẹ̀ yẹn lẹ máa fi bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀ṣà ní London

Mo kí yín o, ará ilé. Níbí, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Arts Society, tí wọ́n ń pè ní NADFAS kó tó di 2017. Wọ́n pín ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: ohun ìrántí, irin, òkúta, igi, aṣọ, àwòrán, ìwé, fèrèsé, àti èyí tí kò bá ìkankan mu. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á di gbogbo rẹ̀ ní ìwé, wọ́n á sì fún ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Ẹ pín in bẹ́ẹ̀ láàárín ara yín. Kí ẹni tó mọ aṣọ gba aṣọ, kí ọmọ káfíńtà gba igi. Kí ẹ sì máa ṣe é ní méjì-méjì: ẹnì kan á máa wọ̀n, á sì máa pè é, ẹnì kejì á máa kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá, kí ẹ máa fi ọwọ́ òsì tọ ògiri yí ilé náà ká, kí ẹ má fo ibì kankan. Inú fẹ́strì ni kí ó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni nǹkan máa ń pọ̀ sí jù.

Káfíńtà Modákẹ́kẹ́

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jù síta.

Abẹ́ bẹ́ǹṣì àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Káfíńtà ayé ìgbà náà máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sábẹ́, nígbà mìíràn ó máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún. Ẹ wo ojú ayùn lórí pákó tí wọn ò fá. Ayùn ọwọ́ máa ń fi ìlà tó tọ́, tí kò dọ́gba, sílẹ̀; ayùn ẹ̀rọ tó ń yí bírí máa ń fi ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ sílẹ̀. Ẹ wo oríkèé rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá igi ni wọ́n ki bọ inú igi tí wọ́n sì fi èèkàn igi dè é, àbí ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí skúrù tí ojú rẹ̀ dà bí àgbélébùú, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti kan ibẹ̀ tàbí pé bẹ́ǹṣì náà kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí láàárín 1930 sí 1940 ni irú skúrù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti Amẹ́ríkà.

Ìrókò ni ọ̀pọ̀ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ní agbègbè wa. Ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú sí i bó ṣe ń pẹ́, ikán kì í sì tètè rí i jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi wà títí di òní. Ọmọ̀ fẹ́rẹ̀ jù ú lọ, òun ni àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tó ń gbẹ́ ìlù fẹ́ràn. Bí ẹ ò bá mọ igi náà, ẹ má fi ìrókò dá a lórúkọ torí pé ó dúdú. Ẹ pe àgbà káfíńtà kan kó wá fi ojú kàn án.

Bí ẹ bá rí ihò róbótó kéékèèké, tí ìyẹ̀fun tuntun sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú igi yẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sí èyí tó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí óìlì kọ́ńdẹ́mù sí i. Mo mọ̀ pé ohun táwọn èèyàn ń ṣe nìyẹn, àmọ́ á wọ inú igi, kò ní jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ ló lè mú kí iná tètè ràn án.

Kí wọ́n tó yọ wọ́n, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ ilé náà sórí ìwé kan, kí ẹ fún ipò bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ kọ ìdílé tó máa ń jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọ gbà ń jókòó jẹ́ ìtàn pẹ̀lú. Ẹ sì bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, bó jẹ́ ti ìlà iwájú nìkan.

Ọmọ Obòkun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá. Ìbéèrè kan: idì onídẹ wa ti dúdú, ife náà ti pọ́n. Ṣé ká fi Brasso nù wọ́n kí fọ́tò lè mọ́?

Atọ́jú Ìwé, Ifẹ̀

Rárá o. Ẹ ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe wà. Gbogbo ìgbà tí a bá fi Brasso nu ìdẹ, a ń họ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ lọ wo wàláà onídẹ tí wọ́n ti ń nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ máa rí i pé lẹ́tà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ti ife tún burú jù, torí ó lè jẹ́ pé fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo irin mìíràn lójú. Bí ó bá ti họ tán, irin abẹ́ á yọ.

Ẹ yí ife náà dojú dé, kí ẹ wo àmì kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí létí rẹ̀. Bí ẹ bá rí EPNS, èyí tí wọ́n fi fàdákà bò lójú nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ fàdákà gidi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa rí kìnnìún tó ń rìn, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè: ìpín 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham, adé ni ti Sheffield láyé ìgbà náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tún máa ń wà tó dúró fún ọdún, àti àmì ẹni tó ṣe é. Ẹ ya fọ́tò àwọn àmì yìí láti tòsí gan-an, kí ẹ sì wo bí apata tó yí lẹ́tà náà ká ṣe rí, torí lẹ́tà kan náà máa ń padà wá ní àwọn ọdún mìíràn nínú apata tó yàtọ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹn mú, ẹ ti mọ ọdún ife náà láìjẹ́ pé ẹ bi ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi gbé e, kí aṣọ mímọ́ wà láàárín. Ẹ má ṣe fi etí rẹ̀ gbé e, abẹ́ ni kí ẹ ti gbé e.

Atẹdùùrù

Ẹ má ju dùùrù yẹn nù! Mo bẹ̀ yín. Wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Awọ àti aṣọ inú ẹwìrì rẹ̀ ló sábà máa ń ya tàbí tí eku máa ń jẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Ẹ wo òkè ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ lè wà lẹ́yìn tàbí nínú. Bó bá jẹ́ Estey, láti ìlú Brattleboro ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà yẹn máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún yín. Ẹ kọ iye stop tó ní, ìyẹn kókó tí wọ́n ń fà láti yí ohùn rẹ̀ padà, àti ọ̀rọ̀ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tú u.

Ti agogo ńkọ́? O ò sọ nípa agogo, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ní in. Lẹ́tà tó wà léjìká tàbí lára agogo ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ lè bá orúkọ John Taylor ti Loughborough, tàbí Mears & Stainbank ti Whitechapel ní London, tí ilé iṣẹ́ wọn ti palẹ̀ mọ́ ní 2017. Kì í ṣe gbogbo agogo ni wọ́n fi ìdẹ rọ o. Irin ni Naylor Vickers ti Sheffield fi rọ tiwọn, ìpatà sì máa ń bò wọ́n, àwọn èèyàn á wá máa pè é ní agogo burúkú. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpatà láti ka lẹ́tà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òjìji á gbé lẹ́tà náà jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá gun ilé agogo lọ. Àkàbà ibẹ̀ ti lè jẹrà, oyin sì fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́

Ọmọ mi, o káre. Orí mi wú nígbà tí mo ka ohun tí o kọ.

Lórí ọ̀págun wa: ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri láti ya fọ́tò rẹ̀. Bí sílíkì bá ti gbó, ìwúwo ara rẹ̀ ló máa fà á ya. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sórí tábìlì gígùn, kí ẹ tẹ́ ẹ lé e, kí ẹ sì dúró sórí àpótí ya á láti òkè. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni okùn ti máa ń ní àwọ̀ tó ní gan-an, iwájú ti ṣá. Ẹ má fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ má ká a pọ̀, ẹ yí i mọ́ páìpù ńlá tí ẹ ti fi aṣọ funfun wé, kí ìlà ìkápọ̀ má baà gé e.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni bí ẹ ṣe máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìyá. Ẹ má mú ìwé ìbéèrè lọ bá wọn. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ mú fọ́tò ọ̀págun náà fún wọn wò. Wọ́n á sọ ẹni tó rán an, ẹni tó ra sílíkì, orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yà á sí mímọ́. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ká ohùn wọn sílẹ̀. Bí Ìyá bá ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má yí i sí ti ìwé ìròyìn. Bó bá sì rẹ̀ wọ́n, ẹ dìde, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ayàwòrán Ifẹ̀

Díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi lórí fóònù. Ẹ pa fíláàṣì. Òwúrọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló dára jù. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan nínú fọ́tò kan, kí ẹ tún ya òmíràn tí kò ní rúlà. Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, abẹ́, àti ibi tí àmì wà. Ohun tó bá ń dán, ẹ na aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí ojú yín má baà yọ nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà kí ó tó di fọ́tò. Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí nọ́ńbà yẹn sì jẹ́ orúkọ fọ́tò. Ẹ má lẹ sítíkà tàbí sẹ́lótéèpù mọ́ ohunkóhun. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń bó fánísì. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sórí páálí kékeré, kí ẹ fi òwú funfun so ó mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe, ó máa ń fún un pọ̀, àmì fàdákà yẹn kò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì, ọ̀kan lórí Google Drive tí ìjọ ni, tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde sórí ìwé. Iná lè lọ, ìwé á ṣì wà.

Adé Ìjẹ̀ṣà

Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi pamọ́? Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook! Àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun á rí i, inú wọn á dùn, wọ́n á sì dáwó fún àtúnṣe. Ohun ìwúrí ni.

Atọ́jú Ìwé, Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo gbà pé ohun ìwúrí ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Wàláà, bẹ́ǹṣì, ọ̀págun, fọ́tò àwọn akọrin àtijọ́, ẹ lè gbé ìwọ̀nyẹn síta kí gbogbo ayé rí i, bí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Ife, àwo ìdàpọ̀, àti ohunkóhun tí ẹnì kan lè fi sábẹ́ agbádá gbé lọ, kí ó má jáde. Ẹni tó bá rí fọ́tò ife fàdákà àti orúkọ ìjọ ti mọ ibi tó máa wá. Ẹ pa ohun tó ń fi ibi tí fóònù wà hàn kí ẹ tó ya fọ́tò. Interpol gbé áàpù kan jáde ní 2021, ID-Art, tí ẹ lè fi kọ àkọsílẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù yín lọ́nà tí ọlọ́pàá lè lò bí nǹkan bá sọnù.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá pé òun fẹ́ ra ohun àtijọ́ kan, ẹ rántí pé òfin orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin 77 ti 1979 dá sílẹ̀, ló ń fúnni ní ìwé yẹn. Wọ́n wà nítòsí yín, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn wà ní Ifẹ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni.

Adé Ìjẹ̀ṣà

Mo ti gbọ́. Ó mọ́gbọ́n wá.

Ọmọ Àgùdà

Tí ẹ bá ní ohun gbígbẹ́, ẹ wá orúkọ agbẹ́gilére. Ní 1947 ni àwọn Fadá, Kevin Carroll wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé ọmọ Àrẹògún ti Òsì ti gbẹ́ ohun ìjọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́, òun náà sì wá di olùkọ́ ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Wọ́n máa ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì pẹ̀lú ojú àti aṣọ Yorùbá. Ilẹ̀kùn irú èyí lè wà ní ìjọ kan tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn lọ́dọọdún. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún mọ́ o.

Àdúrà Ń Gbà, Iléṣà

Ọmọ CAC ni mí. Tiwa kì í ṣe fàdákà. Ní oṣù keje 1930, ní Òkè-Ooye níbí, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó fi iṣẹ́ wíwa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà sílẹ̀ ní 1928, ṣe ìsọjí tí èrò rọ́ wá láti ibi gbogbo. Agogo ọwọ́ rẹ̀ làwọn àgbà ń sọ nípa rẹ̀, àti omi tó gbàdúrà sí. Agogo ọwọ́, àmù omi, bẹ́ǹṣì pákó lásán: ìjọ tó ní ìwọ̀nyí ní ohun àtijọ́, kí wọ́n má rò pé torí kò dán ni kò fi yẹ ní kíkọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Nígbà ìsọjí yẹn, àwọn èèyàn kó ère àti oògùn wọn jáde, wọ́n sì sun wọ́n. Mi ò sọ pé kí wọ́n má sun wọ́n, ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, tèmi náà sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí mọ́ náà yẹ ní àkọsílẹ̀. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohun tó ti lọ: fèrèsé tó fọ́, pọ́pìtì tí wọ́n fún ìjọ abúlé, agogo àkọ́kọ́ tó sán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé, kí ló máa ń wà níbí? Ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ ò retí.

Atọ́jú Ìwé, Ifẹ̀

Ẹni yìí sọ̀rọ̀ gidi. Ẹ jẹ́ n fi bí ẹ ṣe lè mọ ọjọ́ orí nǹkan tí kò ní ọdún lára kún un.

Ẹ wo àdírẹ́sì tó bá wà lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí kó tó di 27 oṣù kẹjọ 1991. Bí wọ́n bá kọ Oyo State mọ́ orúkọ Iléṣà, àárín 1976 sí 1991 ni. Western State jẹ́ 1967 sí 1976, Western Region ti wà ṣáájú ìyẹn. Ìwé owó tí wọ́n fi pọ́n-ùn àti ṣílè kọ ti wà kí náírà tó dé ní oṣù kìíní 1973. Ní ti Áńgílíkà, Iléṣà wà lábẹ́ Dáyósíìsì Ìbàdàn láti 1952 títí wọ́n fi dá Dáyósíìsì Iléṣà sílẹ̀ ní 1974. Ṣáájú 1952, Dáyósíìsì Èkó ni. Àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì tó bá rí W.M.M.S. lára nǹkan wọn, ti ìgbà Wẹ́sílì ni, kí ìjọ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó para pọ̀ ní 1932. Ẹ kọ́ láti máa sọ pé «ṣáájú» tàbí «lẹ́yìn». Ìyẹn dára ju ọdún tí ẹnì kan méfò lọ.

Ohun tí wọ́n kọ sára wàláà, ẹ dà á kọ bó ṣe wà: «aiye», «enia», «nwọn», láìsí àmì ohùn, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀ tó bá ní. Ẹ má tún un kọ sí àkọtọ́ òde òní.

Fún ìtàn ìjọ fúnra rẹ̀, ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti ilẹ̀ Yorùbá wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì. Èyí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní yunifásítì Birmingham; ti Mẹ́tọ́díìsì wà ní yunifásítì SOAS ní London. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, ẹ lè bá wọn lọ wò ó.

Ìjẹ̀ṣà ní London

Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, bàbá. Kí wọ́n fi orúkọ ìjọ àti ọdún tí wọ́n ń wá ránṣẹ́ sí mi nìkan.

Ọmọ Obòkun

Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè méjì ló kù. Ìdílé méjì ló ń sọ pé bàbá àwọn ló fún ìjọ ní idì yẹn, kò sì sí orúkọ lára rẹ̀. Ìwé ìrìbọmi àtijọ́ tó wà nínú fẹ́strì sì ti gba omi, ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ìyá Ẹgbẹ́

Lórí ti ìdílé, ẹ má dá ẹjọ́. Ẹ kọ ohun tí ìdílé àkọ́kọ́ sọ, ẹni tó sọ ọ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ kọ ti èkejì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí gígùn wọn dọ́gba, kí ẹ sì kà á sí etí wọn kí wọ́n tó lọ. Bí ẹ bá mú ẹnì kan, ẹ ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ nínú ìjọ.

Atọ́jú Ìwé, Ifẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ìwé owó ìjọ ọdún náà máa là á, ẹ wá a.

Ti ìwé ìrìbọmi: ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ má fi agbára ṣí ojú ewé tó lẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí fáànù máa fẹ́ yàrá náà, kí ó má dojú kọ ìwé. Ẹ ṣí i díẹ̀ kó dà bí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ fi ìwé funfun tí wọn ò tẹ nǹkan sí sáàárín àwọn ojú ewé tó bá ṣí fúnra rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Bó bá gbẹ, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, títí kan èyí tó ṣófo. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ọ̀rá bo ìwé, torí kò ní ṣeé bó mọ́ láéláé. Bí ẹ bá rí èbíbu dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ bo imú, kí ẹ gbé ìwé náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù.

Orúkọ àwọn tó wà láyé wà nínú ìwé yẹn, ó sì lè sọ ohun tí ìdílé kan ò fẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ìbí ọmọ. Kí ó má jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀dà fọ́tò rẹ̀, fíkà àti akọ̀wé ìjọ nìkan ni kí ẹ fún.

Ọmọ Obòkun

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Mo ti tẹ gbogbo èyí jáde, mo sì ti mú un lọ fún fíkà. Wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà wa, wọ́n á kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Ìjọ ní àwọn á bá ìgbìmọ̀ ìkọ́lé sọ̀rọ̀ kí bẹ́ǹṣì má kúrò nínú ilé títí a ó fi kọ wọ́n tán. Wàláà ara ògiri la ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ẹni tó bá wà ní Iléṣà tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, kó mú pẹ́ńsù, rúlà àti aṣọ funfun mímọ́ dání. A ṣì ń wá ẹni tó ní àkàbà tó dúró dáadáa, torí wàláà méjì wà lókè ẹnu ọ̀nà ńlá tí a ò lè kà láti ilẹ̀.

Káfíńtà Modákẹ́kẹ́

Mo ní àkàbà. Mo máa gbé e bọ̀ ní Sátidé, màá sì yẹ abẹ́ bẹ́ǹṣì wò fún yín.